Ìṣó Kẹta

Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí ó wà ní kíláàsì kejì ní ilé-ìwé aládàáni kan, gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi nígbà ìsinmi, ó kúnlẹ̀, ó sì bi mí pé: "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, àǹtí wa ní kí á fi ìrù kan sí ẹ̀yìn teach kí ó lè di teacher, kí á fi òmíràn sí ẹ̀yìn kind kí ó lè di kindness, ìrù wo ni Yorùbá ń lò?" Mo dá a lóhùn ní ṣókí pé Yorùbá kò ní ìrù, nítorí pé ọmọdé kì í fẹ́ ìtàn gígùn, ó sì dìde lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà, nítorí pé iṣẹ́ tí mo fi agbára èwe mi ṣe ní ìlú Adó-Àwáyè yìí, títí ewú fi bo orí mi, ni ọmọ náà ń béèrè láì mọ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú àwọn tí ń kọ́ ọ tí ó lè dá a lóhùn.

Èdè wa kì í ti ẹ̀yìn yí ipò ọ̀rọ̀ padà. Iwájú ni í ti í bẹ̀rẹ̀. Rìn di ìrìn, kọ́ di ẹ̀kọ́, lọ di àlọ, bọ̀ di àbọ̀, mọ̀ di ìmọ̀, bí ẹni náà kò bá sì mọ̀ rárá, ó di àìmọ̀. Kì í ṣe èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, ìlú tí kò jìnnà sí wa ní ilẹ̀ Òkè-Ògùn yìí, ẹni tí àwọn akónilẹ́rú kó lọ ní ọdún 1821, tí Ọlọ́run sì gbé ga di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ti ṣàlàyé nínú ìwé gírámà rẹ̀ tí ó jáde ní 1852 bí a ti ń fi fáwẹ̀lì síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe láti sọ ọ́ di orúkọ. N kì í jẹ́ kí ọmọ kankan kúrò ní kíláàsì mi láì mọ̀ pé ará ilé wa ni ó kọ ọ́, kí wọ́n má baà rò pé inú ọkọ̀ Òyìnbó ni gírámà Yorùbá ti sọ̀ kalẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú ìwé Crowther ni mo ti kọ́ ọ. Mo wà lára àwọn ọmọ tí orí ṣe lóore, tí wọ́n wọ ilé-ìwé nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí àwọn ọmọ àgbẹ̀ rọ́ wọ inú kíláàsì ní ẹsẹ̀ òkè Adó, òkè tí adágún Ìyákẹ̀ wà lórí rẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn fi ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó gbà wá ni ọkùnrin tí gbogbo ìlú ń pè ní Ọ̀gá, agùntáṣọ́ọ̀lò, apọ́nbéporẹ́, ẹni tí ohùn rẹ̀ máa ń dé ọ̀nà oko kí òun fúnra rẹ̀ tó yọ. Orúkọ rẹ̀ gan-an kò ní jáde lẹ́nu mi níhìn-ín, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé, n kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ kò ju ti Girédì Kẹta lọ. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn oníwèé-ẹ̀rí ńláńlá tí mo bá pàdé lẹ́yìn rẹ̀, n kò rí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ọkàn ọmọdé bí i tirẹ̀.

Ọ̀gá ní pátákó kan tí ó fi pákó ìrókò ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, tí gígùn rẹ̀ tó apá àgbàlagbà, tí ó sì kan ìṣó mẹ́ta mọ́ ní ìlà kan: ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan láàrin, ọ̀kan ní ọ̀tún. Páálí súgà ni ó máa ń gé, tí ó ń lu ojú rẹ̀, tí ó sì ń fi tàdáwà kọ ọ̀rọ̀ sí. Orí ìṣó àárín ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń gbé. Orí ìṣó òsì ni àwọn páálí kéékèèké ń bọ́ sí, a, ì, ẹ̀, ọ̀, àì. Ìṣó kẹta a máa ṣófo. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ wa, kò sí ohun tí ó gbé kọ́ sí i, bí ọmọ kan bá sì béèrè pé, "Sà, ìṣó tọ̀hún ńkọ́?" a ní, "Ti àlejò ni. Àlejò náà ṣì ń bọ̀."

Kò bẹ̀rẹ̀ láti orí orúkọ gírámà rí. Iṣẹ́ àwọn òbí wa ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀. "Kí ni bàbá rẹ ń ṣe?" "Ó ń hun aṣọ, sà." "Ta ni bàbá rẹ nígbà náà?" "Ahunṣọ, sà." Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń kọ́ ilé a di ọmọ akọ́lé, ẹni tí tirẹ̀ ń pa ẹja ní odò Ògùn a di ọmọ apẹja, ọwọ́ Ọ̀gá a sì máa gbé páálí a kọ́ sórí ìṣó òsì ní gbogbo ìgbà tí ẹnu wa bá pè é. Ní ọjọ́ kan, ọmọ alágbẹ̀dẹ kan dìde, ó ní bàbá òun ń rọ ọkọ́, nítorí náà arọkọ́ ni bàbá òun. Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá dá wa lẹ́kun. Ó ní ọmọ náà kò ṣìnà, pé ọ̀nà tí gbogbo wa tọ̀ ni òun náà tọ̀, ṣùgbọ́n kí arọkọ́ tó dé ni ìlú ti ní alágbẹ̀dẹ, bí ẹnì kan bá sì ti jókòó lórí àga, ẹlòmíràn ní láti wá àga tirẹ̀ lọ. Mo ti ka ìwé púpọ̀ láti ìgbà náà, n kò sì tíì rí ẹni tí ó là á yé ni jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí ọ̀rọ̀ tuntun bá ti jáde, a ní láti dán an wò. A ó fi ó ń ṣáájú rẹ̀: ó ń rìn dùn létí, ṣùgbọ́n ó ń ìrìn a máa kọ́ ni lẹ́nu. A ó wá fi mi tẹ̀lé e: ìrìn mi ń bẹ, ẹ̀kọ́ mi ń bẹ. Nípa bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ̀, kí a tó gbọ́ ohun tí ń jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ tàbí ọ̀rọ̀-ìṣe rárá, pé páálí kékeré ọwọ́ òsì ti gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò ní agbo kan lọ sí òmíràn. Lẹ́yìn náà ni ó mú oní wá, tí ó sọ ilé di onílé, epo di elépo, ẹja di ẹlẹ́ja, aṣọ di aláṣọ, ó sì bi wá bóyá ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kúrò ní agbo wọn. A sáré dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní kí á dán an wò. Ilé mi ń bẹ, onílé mi náà ń bẹ. Orúkọ ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀, orúkọ náà ni ó ṣì ń jẹ́. Báyìí ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́sàn-án ṣe mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀rọ̀ ni í yí ipò rẹ̀ padà, ohun tí mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé gíga tí wọ́n ń fọwọ́ họrí lé lórí.

Nígbà tí a dé kíláàsì kẹrin, tí èdè Gẹ̀ẹ́sì wá gba ipò iwájú, ni Ọ̀gá wọlé ní òwúrọ̀ kan, tí ó kọ́ teach sí àárín, tí ó fi òsì sílẹ̀ lófìfo, tí ó sì gbé er kọ́ sórí ìṣó kẹta. Kò tíì ya ẹnu tí ẹnì kan fi pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Sà, àlejò ti dé, ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé!" Kí ni ó tún kù tí a ó kọ́? Ohun tí àwa ń ṣe ní iwájú, ẹ̀yìn ni àwọn Òyìnbó ti ń ṣe é. Kind di kindness, quick di quickly. Òótọ́ ni pé àwọn náà a máa fi nǹkan síwájú, bí un tí ó ń sọ happy di unhappy, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í sábà gbé ọ̀rọ̀ kúrò ní agbo rẹ̀. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde: nítorí pé a ti mọ tiwa, ti àlejò kò le fún wa.

Mo di tíṣà, mo gba Girédì Kejì, mo padà sí ìlú mi, mo sì ṣiṣẹ́ lábẹ́ Ọ̀gá títí ó fi fẹ̀yìn tì, tí ó sì gbé pátákó náà lé mi lọ́wọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò wọn ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní iṣẹ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Èsì rẹ̀ sì fi hàn pé àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n kò yà mí lẹ́nu. Àkọtọ́ yí padà ní 1974, mo tún gbogbo páálí kọ. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìjọba àpapọ̀ dé ní 1976, ọmọ tún kún bí omi. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde ní 1984, àwa tíṣà ìgbèríko sì wá rí orúkọ kan náà tí gbogbo wa lè jọ máa fi pe nǹkan. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń pe èrò orí ìṣó òsì nísinsìnyí.

Ní àárín ọdún wọ̀nyí ni alábẹ̀wò kan wọ kíláàsì mi, tí ó wo pátákó, tí ó sì sọ lójú àwọn ọmọ pé ohun tí ó ju agbára wọn lọ ni mo ń kọ́ wọn, pé ilé-ìwé girama ni ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ ti yẹ wọ́n. Mo ní kí ó pe ọmọ tí ó bá wù ú. Ó nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tí ó kéré jù. Mo fún ọmọ náà ní gbọ́ràn, ọ̀rọ̀ tí kò wà lórí pátákó rí. Ó ní ìgbọràn; ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún ní àìgbọràn; kí n tó sọ ohunkóhun, ó ti fi mi tẹ̀lé e láti dán an wò. Alábẹ̀wò ní mo ti kọ́ ọ há sórí ni. Ohun tí ó wù ú ni ó kọ sínú ìwé rẹ̀, orúkọ mi kò sì sí lára àwọn tí a gbé ga ní ọdún náà. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. N kò yí ọ̀nà mi padà, bí ó bá sì tún dé lónìí, bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe.

Ohun tí ó dùn mí jù ni ti pátákó. Àwọn òṣìṣẹ́ wá tún òrùlé ṣe nígbà ìsinmi gígùn, nígbà tí a sì wọlé, kò sí i mọ́. Ẹnì kan ní káfíńtà ni ó là á fi se ẹ̀wà. Ẹnì kan ní wọ́n kó o dànù pẹ̀lú àwọn síléètì fífọ́. Kò sí ẹni tí ó bi mí kí ó tó ṣe é, kò sì sí ẹni tí ó tọrọ àforíjì. Mo ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n pákó ọjà òde òní ń tẹ̀, ìṣó rẹ̀ ń ṣubú, nígbà tí ó sì yá, wọ́n lẹ àwòrán aláràbarà mọ́ ibẹ̀, èyí tí èso ápù wà lórí rẹ̀, èso tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò tíì tọ́ wò.

Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo nǹkan ṣe yí padà. Ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè ti 1977 sọ pé èdè abínibí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ. Ilé-ìwé aládàáni kò kà á sí, wọ́n ń bu owó ìtanràn lé ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé èdè abínibí ni a ó fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìṣó kẹta ni wọ́n ń gbé ẹrù kọ́ nígbà tí wọ́n ti fa ti òsì tu. Mo gbọ́ ti ọmọ kan tí ó pe ẹni tí ń se oúnjẹ ní cooker, tí wọ́n sì nà án. Arọkọ́ náà ni ó sọ! Ó ti lóye ìlànà. Ẹni tí yóò sọ fún un pé àga ti ní ẹni tí ó jókòó lé e ni kò rí.

Àwọn kan ń sọ ọ́ káàkiri pé àwa tíṣà àtijọ́ ni a dá àwọn ọmọ Òkè-Ògùn dúró, nítorí pé a rọ̀ mọ́ Yorùbá. Ọ̀rọ̀ náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Nínú àwọn tí mo kọ́ ni a ti rí àwọn tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ó jẹ́ amòfin, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ìlú Òyìnbó gan-an, Gẹ̀ẹ́sì wọn sì já gaara ju ti àwọn tí a fi ẹgba lé Yorùbá jáde lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá wálé fún ọdún, wọn a máa yà kí mi. Kí ẹni tí ó bá ń jiyàn wá ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kí ó fún wọn ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bá fẹ́, ní èdè méjèèjì, kí ó sì jókòó gbọ́ ohun tí wọn yóò fi ṣe.