Iyán Etí Ọ̀sà

Iyán ni màmá mi ń gún tà ní Ọ̀wọ̀. Iṣu Ifọ́n, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ̀, ni wọ́n fẹ́ràn jù. Owó iyán yìí náà ni wọ́n fi rán ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ sí Rufus Giwa Polytechnic.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi gba owó oṣù àkọ́kọ́ ní Èkó, ó pè wá wá jẹun ọ̀sán létí ọ̀sà. Ibẹ̀ pa rọ́rọ́, igi àgbọn yí i ká, ọkọ̀ ojú omi ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán. Kí n má parọ́, ó wù mí. Odò Ọ̀sẹ̀ tiwa kò ní àga onítìmùtìmù létí.

Ó lé ní wákàtí kan kí oúnjẹ tó dé. Iyán náà kò ju ìkúùkù mi lọ, ọbẹ̀ rẹ̀ ti tutù. ₦18,000 ni àwo kan! Màmá mi fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wojú mi. Pòǹdó ni, ìyẹ̀fun tí a fi omi gbígbóná rò. Kò fojú kan odó rí.

Ẹ̀gbọ́n mi ń wo ẹnu wọn bí ẹni tó ń retí èsì WAEC. Wọ́n rọra jẹ ẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún un lọ títí. Èmi fi tèmi sílẹ̀.

Lálẹ́, ẹ̀gbọ́n mi bi mí wúyẹ́wúyẹ́ bóyá Màmá gbádùn rẹ̀.

Mo ní, “Àwo wọn mọ́ fónífóní.”