Ìyá sójà l'Ájégúnlẹ̀

Orin àti bọ́ọ̀lù làwọn èèyàn fi mọ Ajégúnlẹ̀. Daddy Showkey. Odion Ighalo.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá tó ń tajà ní Boundary níbẹ̀ lọ́jọ́ tí orúkọ ọmọ rẹ̀ jáde nínú àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ ológun. "Sójà mi" ló ti ń pè é láàárọ̀, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì fá orí ọmọ ọ̀hún! Gbogbo ẹni tó wá rajà ló gbọ́.

Ìyangàn yẹn tọ́ sí i, ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

NNS Beecroft, àgọ́ ọmọ ogun ojú omi, wà ní Apapa nítòsí Ajégúnlẹ̀. Aṣọ funfun wọn kì í ṣe àjèjì ládùúgbò. Àmọ́ ẹni tuntun kì í sábà kọ́ṣẹ́ nítòsí ilé: Onne ní ìpínlẹ̀ Rivers ni ti ojú omi. Ti orí ilẹ̀, ọ̀pọ̀ ló ń lọ sí Depot, ibùdó ìkọ́ṣẹ́ wọn tó ti wà ní Zaria tipẹ́.

Ọ̀nà jìn. Ìyá ń yangàn lójú ọjà, ó ń gbàdúrà lóru.

Ẹ̀yin òbí tọ́mọ yín ti lọ rí, kí lẹ sọ fún un ní gáréèjì?