Ẹlẹ́ẹ̀kẹta Rèé: Bay FC ní San Jose

Pápá PayPal Park ní San Jose, ìpínlẹ̀ California, kò jìnnà sí pápákọ̀ òfurufú ìlú náà rárá. Ariwo bàálù àti ariwo òǹwòran ni wọ́n jọ ń du afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Àga ìjókòó yí apá mẹ́ta rẹ̀ ká, wọ́n sì tò wọ́n ga ṣánṣán débi pé ẹni tó wà ní ìlà tó kẹ́yìn lókè ṣì lè dá ẹni tí bọ́ọ̀lù wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ mọ̀. Apá kẹrin ló ṣí sílẹ̀. Ilé ọtí gbọọrọ kan ni wọ́n kọ́ síbẹ̀, àwọn tó ni pápá sì máa ń yangàn pé kò sí ilé ọtí ìta gbangba tó gùn tó o ní gbogbo Àríwá Amẹ́ríkà. Kí pápá tó dé orí ilẹ̀ yìí, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ogun fún àwọn sójà ló wà níbẹ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n ṣí i fún ẹgbẹ́ àwọn ọkùnrin ìlú náà, San Jose Earthquakes. 18,000 èèyàn ló ń gbà.

Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún 2024, tíkẹ́ẹ̀tì 18,000 náà tán pátápátá, Earthquakes kọ́ ló sì fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù. Bay FC ni, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tuntun tó ń gba àlejò nílé fún ìgbà àkọ́kọ́. Bàbá gbé ọmọbìnrin kọ́ èjìká, ọmọ wọ jẹ́sì tó gùn dé orúnkún, ọ̀pọ̀ ìyá tó ti gbá bọ́ọ̀lù rí nílé ẹ̀kọ́ sì wà láàárín èrò. Àlejò ọjọ́ náà ni Houston Dash, ẹgbẹ́ tí Michelle Alozie ti Super Falcons wa wà nígbà yẹn. Àlejò kò bọ̀wọ̀ fún ayẹyẹ. Góòlù mẹ́ta sí méjì ni wọ́n fi na onílé, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

N kò ka ìyẹn sí àjálù. Ní agbègbè yẹn, kì í ṣe pé wọ́n ń nà wọ́n ló ń pa ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin. Ẹgbẹ́ méjì ló ti kú níbẹ̀ ṣáájú Bay FC, àwọn méjèèjì ló sì gba ife líìgì kí wọ́n tó kú.

Àkọ́kọ́ ni CyberRays. Ọdún 2001 ni líìgì WUSA bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, líìgì àkọ́kọ́ lágbàáyé tí wọ́n ti ń san owó oṣù fún gbogbo obìnrin tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ọdún yẹn náà ni CyberRays gba ife, lẹ́yìn tí wọ́n fi pẹ́náltì borí Atlanta Beat ní àṣekágbá. Brandi Chastain, ọmọ bíbí San Jose, wà nínú ẹgbẹ́ náà. Oṣù Kẹsàn-án 2003, nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí Ife Àgbáyé àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gan-an, owó tán, wọ́n sì ti líìgì pa.

Ìkejì ni FC Gold Pride, èyí sì ló dùn mí jù. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 2009 nínú líìgì mìíràn, WPS, ìsàlẹ̀ tábìlì ni wọ́n sì wà lọ́dún náà. Nígbà tí ó fi máa di 2010, Marta ọmọ Brazil àti Christine Sinclair ọmọ Kánádà ti jọ ń gbá bọ́ọ̀lù fún wọn. Kí la tún ń wá? Wọ́n ń na ẹni tí wọ́n bá bá pàdé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, ní pápá yunifásítì kékeré kan ní Hayward, wọ́n gbá góòlù mẹ́rin sáwọ̀n Philadelphia Independence láìjẹ kí wọ́n rí ẹyọ kan dá padà. Ife wọlé. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí wọ́n kéde pé ẹgbẹ́ ti tú ká, nítorí kò sí ẹni tó fẹ́ náwó sí i mọ́. Orúkọ akọ́nimọ̀ọ́gbá tó gba ife yẹn ni Albertin Montoya. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn.

Àwọn obìnrin mẹ́rin ló dìde láti dá ẹlẹ́ẹ̀kẹta sílẹ̀: Chastain yìí kan náà, Leslie Osborne, Danielle Slaton àti Aly Wagner. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ti wọ aṣọ Amẹ́ríkà rí, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì jáde ní Yunifásítì Santa Clara, tí kò jìnnà sí PayPal Park. Chastain ti gbá bọ́ọ̀lù fún CyberRays àti Gold Pride. Osborne náà ti wọ aṣọ Gold Pride. Wọn kò nílò kí ẹnikẹ́ni ròyìn bí ẹgbẹ́ ṣe ń kú fún wọn. Ojú wọn ló ṣe.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́kọ́ wá owó kí wọ́n tó wá bọ́ọ̀lù. Sixth Street, ilé iṣẹ́ ìdókòwò tó wà ní San Francisco, ló fi 125 mílíọ̀nù dọ́là sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni 53 mílíọ̀nù tí wọ́n san láti wọ NWSL, líìgì àwọn obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà báyìí, wà. Angel City àti San Diego Wave, tó wọlé ní 2022, kò san tó mílíọ̀nù mẹ́wàá ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oṣù Kẹrin 2023 ni wọ́n kéde ẹgbẹ́ náà, ó ku bí ọdún kan kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn kan kùn pé ilé iṣẹ́ olówó ló wá di olórí onílé níbi tí àwọn obìnrin mẹ́rin ti fi làálàá ṣílẹ̀kùn. Ẹjọ́ wọn kì í ṣe ẹjọ́ ẹ̀bi pátápátá. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí Gold Pride tó kú pẹ̀lú ife lọ́wọ́, n kò lè bá wọn kùn jìnnà.

Orúkọ ẹgbẹ́ tuntun náà gba ọgbọ́n. San Francisco, Oakland àti San Jose jọ yí omi kan ká, èèyàn tó wà láàárín wọn lé ní mílíọ̀nù méje, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n fi orúkọ èkejì pe òun. Pe ará Oakland ní ará San Francisco, àfi bí ìgbà tó o pe ọmọ Ìjẹ̀bú ní Ẹ̀gbá. Omi tó kan gbogbo wọn, Bay, ni wọ́n fi sọ ẹgbẹ́ lórúkọ. Lẹ́tà B àti afárá ló wà lára àmì ẹgbẹ́ náà, afárá sì ni ohun tí gbogbo wọn ń gbà kọjá lójoojúmọ́, tí gbogbo wọn sì ń bínú sí nígbà tí ọkọ̀ bá dí i.

Wọ́n pe Montoya padà wá kọ́ ẹgbẹ́. Ó wá ku àwọn tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, Áfíríkà ni wọ́n sì yíjú sí. Ní oṣù Kejì 2024, wọ́n san bí 735,000 Yúrò fún Madrid CFF láti ra Racheal Kundananji, ọmọ Zambia. Kò tíì sí agbábọ́ọ̀lù obìnrin tí wọ́n san tó bẹ́ẹ̀ lé lórí ní gbogbo ayé títí di ọjọ́ náà. Kò sì tíì sí ọmọ Áfíríkà kan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó di ẹni tí owó rẹ̀ ga jù lágbàáyé ṣáájú rẹ̀.

Oṣù yẹn kan náà ni Asisat Oshoala dé láti Barcelona. Ọmọ Ìkòròdú létí ọ̀sà ni. Àwọn òbí rẹ̀ fẹ́ kó kàwé, kó má sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù. Ìyá àgbà rẹ̀ ló gbè é lẹ́yìn. Ó gba FC Robo l'Ékòó àti Rivers Angels kọjá, ó dé Liverpool, Arsenal, Ṣáínà, lẹ́yìn náà Barcelona, níbi tó ti gba ife Champions League lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni CAF ti fi jẹ agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, kì í sì í bẹ̀bẹ̀ fún àyè: bó bá ti rí i pé adíẹ̀yìnmú tẹ̀ síwájú díẹ̀, ó ti sá gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá nìyẹn. Nígbà míì a máa sọ góòlù tó rọrùn nù, kó tún lọ jẹ èyí tó le. Àwa tó ń wo Falcons ti gbà á bẹ́ẹ̀.

Ohun kan so òun àti Chastain pọ̀ kí wọ́n tó mọ̀ pé àwọn yóò pàdé. Ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1999, ní pápá Rose Bowl ní Pasadena, níwájú bí 90,000 èèyàn, Chastain gbá pẹ́náltì tó gba Ife Àgbáyé lọ́wọ́ Ṣáínà. Ó bọ́ jẹ́sì sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ sórí koríko pẹ̀lú kọ́mú dúdú lára. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n sọ títí. Ní oṣù Keje 2023, Oshoala wọlé láti orí bẹ́ǹṣì ní Brisbane, ó jẹ góòlù kẹta tí Nàìjíríà fi na Australia tó gbàlejò mẹ́ta sí méjì, òun náà bọ́ jẹ́sì. Rẹfirí fi káàdì yẹ́lò dá a lóhùn. Kò dà bí ẹni pé ó dùn ún.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 2024 ni Bay FC gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àkọ́kọ́, ní BMO Stadium ní Los Angeles, ìlú tó bá Pasadena pààlà. Angel City ló gbà wọ́n lálejò, pápá náà sì máa ń gba bí 22,000 èèyàn. Ìdajì àkọ́kọ́ kò tíì parí tí Oshoala fi gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Òun nìkan ni góòlù ọjọ́ náà. Góòlù àkọ́kọ́ nínú ìwé ẹgbẹ́ yẹn, ọmọ Ìkòròdú ló kọ orúkọ rẹ̀ sí i, kò sì sí ẹni tó lè pa á rẹ́.

Ọdún àkọ́kọ́ yẹn dára ju ohun tí wọ́n ń retí lọ. Ipò keje ni wọ́n wà, wọ́n wọ ìdíje àwọn mẹ́jọ tó kẹ́yìn, Washington Spirit ló sì lé wọn jáde ní àfikún àsìkò. Láàárín ọdún náà wọ́n lọ sí Chicago, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní Wrigley Field, pápá eré baseball àtijọ́, níwájú 35,038 òǹwòran. NWSL kò tíì rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí títí di ọjọ́ náà. Bay FC ló borí, góòlù méjì sí ẹyọ kan.

Ọdún kejì kò dùn. Oshoala lọ sí Al Hilal ní Saudi Arabia, ẹgbẹ́ náà sì lo ọ̀pọ̀ nínú ọdún 2025 nítòsí ìsàlẹ̀ tábìlì. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ, wọ́n gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn pẹ̀lú Washington Spirit lọ sí Oracle Park ní San Francisco, pápá baseball mìíràn tó wà létí omi. 40,091 èèyàn ló sanwó wọlé, wọ́n sì fi bẹ́ẹ̀ ju èrò Wrigley Field lọ. Spirit nà wọ́n.