Ẹgbẹ́ Orí Ìwé

Àwọn àgbà a máa sọ pé ọjọ́ tí yóò dára, àárọ̀ ni a ti ń mọ̀ ọ́n. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọjọ́ ni ó bá mu. Ọjọ́ mìíràn wà tí ìkùukùu yóò bò ní àárọ̀, tí oòrùn yóò sì ràn yòò kí ó tó di ọ̀sán. Bàbá kan ní ìlú Boston, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́ ọgbọ́n yìí ní ọdún 2009 nínú eré kan tí a ń jókòó ṣe.

Bésíbọ́ọ̀lù jẹ́ eré tí àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn púpọ̀. Ẹnì kan a ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíràn a sì fi igi gbá a. Bí ẹni tí ó mú igi bá gbá bọ́ọ̀lù náà tí ó fò kọjá odi pápá, ariwo ayọ̀ a sọ. Láti inú eré yìí ni òmíràn ti jáde. Ní ọdún 1980, òǹkọ̀wé kan tí ń jẹ́ Daniel Okrent àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹgbẹ́ orí ìwé jọ ní ìlú New York. Olúkúlùkù wọn a yan àwọn eléré láti inú àwọn ẹgbẹ́ gidi, a sì sọ wọ́n di tirẹ̀. Ohun tí eléré bá ṣe lórí pápá ni a ó kà fún ẹni tí ó yàn án. Ẹni tí a bá sì lé kúrò nínú ẹgbẹ́ kan, ẹgbẹ́ mìíràn lè mú un.

Bàbá tí à ń wí yìí àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, jọ ní ẹgbẹ́ kan láàárín àwọn méjìlá tí àwọn ará ibi iṣẹ́ bàbá náà dá sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń yan eléré, bàbá ni ó yan èyí tí ó pọ̀ jù. Ọmọ bẹ̀bẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, David Ortiz ti ẹgbẹ́ Boston Red Sox. Ní ọdún 2006, ọkùnrin yìí gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi ní ìgbà 54, kò sì sí ẹni tí ó tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀ rí fún ẹgbẹ́ náà láàárín ọdún kan.

Eré bẹ̀rẹ̀ ní Oṣù Kẹrin. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì kọjá, Ortiz kò gbá ẹyọ kan kọjá odi. Oṣù Karùn-ún dé, bákan náà ni. Ní alalẹ́ ni bàbá ń wo ìṣirò, tí ó ń mi orí. Ipò kẹsàn-án ni ẹgbẹ́ wọn wà. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà á lásán: Ortiz ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọrùn ọwọ́ sì ti dùn ún ní ọdún tí ó ṣáájú. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí ọmọ ti sùn, bàbá pa orúkọ Ortiz rẹ́, ó sì fi ẹlòmíràn tí ó ń ṣe dáadáa ní ọ̀sẹ̀ náà rọ́pò rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú ní ọjọ́ kejì, bàbá arúgbó kan ní ibi iṣẹ́ náà ti mú Ortiz.

Ní ogúnjọ́ Oṣù Karùn-ún, Ortiz gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi. Ọmọ náà fò sókè, ó sáré lọ wo ìwé ẹgbẹ́ wọn, kò sì rí orúkọ náà. Kò sunkún, kò sì bínú sókè. Ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: “Bàbá, ẹ kò tilẹ̀ bi mí.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ bàbá lára ju àmì tí wọ́n pàdánù lọ. Nígbà tí ọdún eré yóò fi parí, ìgbà 28 ni Ortiz ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá odi. Gbogbo wọn ni ó jẹ́ ti bàbá arúgbó.

Níbo ni àṣìṣe bàbá wà? Ó fi ohun díẹ̀ ṣe ìdájọ́ ohun púpọ̀. Eré 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní ọdún kan. Bí ènìyàn bá dúró gbá bọ́ọ̀lù ní ìgbà 50, tí ọ̀kan ṣe àṣeyọrí ní ìgbà 15, tí èkejì ṣe é ní ìgbà 12, a lè pe ti àkọ́kọ́ ní ọ̀gá, kí a sì pe èkejì ní ọ̀lẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbà mẹ́ta péré ni ó wà láàárín wọn, afẹ́fẹ́ lásán sì lè fa ìyẹn. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Ní ọdún 2006, Chris Shelton ti ẹgbẹ́ Detroit Tigers gbá mẹ́sàn-án kọjá odi nínú eré mẹ́tàlá àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àkọ̀tun akọni dé. Ṣùgbọ́n mẹ́rìndínlógún péré ni ó ní nígbà tí ọdún eré parí.

Síbẹ̀, sùúrù kì í ṣe oorun. Bí apá ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù bá ti ń ro ó, tí agbára ìjùsókò rẹ̀ sì ti dínkù, ó yẹ kí a tètè fura. Àgbẹ̀ tí ó gbin iṣu a máa lọ wò ó, a máa tu koríko ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í hú u lójoojúmọ́ láti mọ̀ bí ó bá ti ta.

Nígbà tí ọdún kejì pé, tí wọ́n tún fẹ́ kó ẹgbẹ́ jọ, bàbá gbé ìwé tuntun fún ọmọ rẹ̀ pé kí ó kọ òfin sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ọmọ náà kọ ọ́ pé kí a tó lé ẹnikẹ́ni, a ó béèrè bóyá ara rẹ̀ le, bóyá olórí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì ń fi í sínú eré, àti bóyá ohun tí a ti rí tó láti fi dá a lẹ́jọ́. Bàbá kà á, ó gba kálàmù, ó sì fi ẹ̀kẹrin kún un: “Kò sí ẹni tí yóò dá a ṣe ní òru.”