Bí Mo Ṣe Kọ́ Bí A Ti Ń Wọn Eré Ọfà

Ọfà tó kúrò lára ọrun gígùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í sáré tó bí sinimá ṣe ń fi í hàn. Bí ọrun náà bá jẹ́ irú èyí tí ẹni tó ń ṣe é fún ìgbafẹ́ lè fà, nǹkan bíi mítà 45 ni ọfà rẹ̀ ń lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyẹn jẹ́ bíi kìlómítà 160 ní wákàtí kan, eré tí dẹ́rẹ́bà aláìgbọràn máa ń sá lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn lóru. Ọrun ìgbàlódé tó ní kẹ̀kẹ́ lórí àti nídìí máa ń ta ọfà tó sá tó ìlọ́po méjì ìyẹn, àwọn ọ̀dọ́ tó ń lò ó ní pápá wa ní Portsmouth kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé.

Èmi ò tìtorí eré lọ síbẹ̀, igi ló fà mí. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Mary Rose kò jìnnà sí ibi tí mò ń gbé. Ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ ni Mary Rose, ó rì sínú omi Solent ní oṣù July 1545, wọ́n sì gbé e jáde ní 1982. Ọrun 172 ni wọ́n bá nínú rẹ̀, igi yew ni wọ́n fi gbẹ́ wọn, àti ọfà tó lé ní 3,500. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí bàbá mi sí. Mo mọ ọsán, mo mọ apó, mo sì ti rí ọrun tí wọ́n gbé kọ́ àjà. Ṣùgbọ́n n kò rí ọrun tó ga ju èmi fúnra mi lọ rí, tí àárín rẹ̀ sì ki tó ọrùn ọwọ́ mi. Bí mo ṣe wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ọrun nìyẹn.

Bàbá Òyìnbó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ ló kọ́ mi. Orúkọ ni gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ń pè é, títí kan àwọn ọmọ tí kò ju ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ. Ẹnu mi kò gbà á. “Sir” ni mò ń pè é. Ó kọ̀, ó kọ̀, títí ó fi sú u. Nígbà tí mo bi í bóyá a lè wọn eré ọfà mi, ìbéèrè ló fi dá mi lóhùn: “Kí lo fẹ́ wọn, ọrun ni àbí ìwọ?”

Kò gbé ẹ̀rọ kankan jáde lọ́jọ́ náà. Ó ní kí n yọ fóònù mi, kí n gbé e sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, kí n jẹ́ kó máa gba ohùn sílẹ̀. Mo dúró ní ìwọ̀n mítà 20 sí ìdì koríko tí a lẹ ìwé àmì mọ́, mo sì ta ọfà. Nígbà tí a ṣí ohùn náà lórí kọ̀ǹpútà, òkè ṣóńṣó méjì ló yọ lójú ìlà: ọ̀kan ni ìgbà tí ọsán dún, èkejì ni ìgbà tí ọfà wọ koríko. Àárín wọn jẹ́ 0.503 ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá pín 20 sí ọ̀nà 0.503 á rí mítà 40, á sì máa lọ. Sir ní ká dúró. Fóònù kò sí lẹ́bàá koríko, ẹ̀gbẹ́ mi ló wà, nítorí náà ìró tí ọfà fi wọ koríko ní láti rin mítà 20 padà wá bá a. Nǹkan bíi mítà 340 ni ìró ń rìn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ó lo 0.059 lójú ọ̀nà. Ẹ yọ ìyẹn kúrò, ó ku 0.444. Eré ọfà di mítà 45.

Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí títí di òní. Kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ọfà kò sì lè fọ́ ohunkóhun. Àléébù rẹ̀ ni pé eré gbogbo ọ̀nà mítà 20 ló pa pọ̀ tó sì pín dọ́gba. Kò lè sọ iye tí ọfà ń sá ní kété tó fi ọsán sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sẹ́yìn.

Ẹ̀rọ tó lè sọ ọ́ ni chronograph. Àpótí kékeré ni, ó ní ojú méjì, ojú kan síwájú, ìkejì sẹ́yìn, tí àárín wọn kò ju bíi sẹ̀ǹtímítà 30 lọ. Òjìji ọfà á bo ojú àkọ́kọ́, aago inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀. Á bo ìkejì, aago á dúró. Ọfà tó ń sá mítà 45 kò ní lo tó ìdá 7 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá láàárín ojú méjèèjì. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú, ìṣẹ́jú tí ojú ènìyàn kò rí, ẹ̀rọ náà á máa sọ ìsọkúsọ, àfi tí a bá fi iná tirẹ̀ sí i lórí. Bí ọfà bá gba orí rẹ̀ kọjá ní ìdábùú, ọ̀nà tó rìn á gùn ju èyí tí ẹ̀rọ rò lọ, eré tó máa kọ á sì kéré sí ti òótọ́. A máa ń gbé e jìnnà díẹ̀ síwájú ọrun kí ọfà ti bọ́ lára ọsán pátápátá kó tó débẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì lè ta ibi kan náà léraléra kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn, nítorí owó gidi ni wọ́n fi rà á.

Nígbà tí a to gbogbo ìyẹn tán ni ìbéèrè Sir tó yé mi. Pọ́ùn 45 ni wọ́n kọ sára ọrun mi gẹ́gẹ́ bí agbára tó ń gbà láti fà á, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá fà á dé ìǹṣì 28 nìkan ni. Bí mo bá fà á tó ìǹṣì 27, eré tó tó mítà méjì ti lọ. Sir fi bírò dúdú fa ìlà sára ọfà, ó dúró ní apá òsì mi, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìlà náà, á sì sọ pé “ó dé” nígbà tí ìlà bá kan ọrun. Èyí tí kò bá dé, a kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Bí mo bá sì fà á dé tán, tí mo wá ń ṣe é pẹ́, tí mò ń fojú wá àmì, iye náà á tún dín, nítorí igi tí a fà tí a dá dúró ń sọ agbára rẹ̀ nù. Òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà kò jọra: ní òwúrọ̀, iye tó ń jáde sún mọ́ ara wọn; nígbà tí èjìká mi bá ti rẹ̀, wọ́n á máa fọ́n ká.

Ibi tó dùn jù ni ti ìwọ̀n ọfà. A gbé oríṣi méjì sórí òṣùwọ̀n ilé ìdáná: ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 26, èkejì jẹ́ 39. Ọrun kan náà ta ti àkọ́kọ́ ní eré mítà 49, ó ta ìkejì ní 43. Ẹni tó bá ń wá eré á mú ti àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò agbára tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé lọ: júùlù 31 ni ti ọfà fẹ́ẹ́rẹ́, 36 ni ti ọfà wúwo. Èyí tó lọ́ra ló gba agbára jù lára igi náà.

Kì í ṣe ọfà nìkan ni ọrun ń tì. Ó ń gbé apá rẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú ọsán dání bó ṣe ń ṣí. Paul Klopsteg àti Clarence Hickman, onímọ̀ físíìsì méjì ní Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Hickman tẹ àbájáde rẹ̀ lórí eré ọfà jáde ní 1929. Klopsteg ló fi hàn pé ọrun ń ṣe bí ẹni pé ẹrù kan tí a kò rí wà lẹ́yìn ọfà. Ọfà fẹ́ẹ́rẹ́ á tètè sá lọ, á fi agbára sílẹ̀ sínú igi, igi á sì dà á lé ọwọ́ tó dì í mú. Mo mọ̀ ọ́n lára: ọfà gíráàmù 26 máa ń gbọn ọwọ́ òsì mi títí dé ìgbọ̀nwọ́.

Ìdí nìyí tí n kò fi ka iye eré tí àwọn oníṣòwò ọrun ìgbàlódé ń kọ sára páálí sí. Ọrun pọ́ùn 70, tí a fà dé ìǹṣì 30, pẹ̀lú ọfà tí kò tó gíráàmù 23, ni wọ́n sábà fi ń rí i. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ra ọrun náà kò ní apá tó gùn bẹ́ẹ̀.

Àwọn tafàtafà inú Mary Rose kò ní aago, ṣùgbọ́n ohun ìjà wọn fi hàn pé wọ́n mọ̀ pé ọfà wúwo ló ń gba agbára jù. Púpọ̀ nínú ọrun wọn ni àwọn onímọ̀ fojú bù pé fífà rẹ̀ wà láàárín pọ́ùn 100 sí 185. Matthew Strickland àti Robert Hardy kọ ọ́ sínú ìwé wọn, The Great Warbow, pé àwòkọ́ṣe kan tó jẹ́ pọ́ùn 150 ta ọfà gíráàmù 53.6 dé mítà 328, ó sì ta ti gíráàmù 95.9 dé bíi mítà 250. Ìwọ̀n ti ìkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, síbẹ̀ ó ṣì kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀nà tí ti àkọ́kọ́ rìn. Ẹni tí irin bò lára kò ní béèrè èwo ló yá jù.

Ọsán ló kù tí mò ń dán wò báyìí. Nínú ìṣirò, ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ọsán ni a ń kà mọ́ ọfà, nítorí náà ọsán tó nípọn ń jẹ eré. Ọsán Dacron ni mo fi ń ta ọrun mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Sir ti fi òwú linen ran òmíràn fún mi, ó ti fi ìda oyin pa á, ó sì wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ti fi bírò sàmì sí ọfà, a ti wọ̀n wọ́n, ojú ọjọ́ nìkan là ń dúró dè, nítorí òjò Portsmouth kì í jẹ́ kí ẹ̀rọ náà ríran.