Tóyìn Tòmátò àti Èmi Ògbufọ̀

Ní ọdún 2001, bí agogo mẹ́jọ alẹ́ Ọjọ́bọ̀ bá ti lù, ilé aládùúgbò wa kan ní Ajue, níbi tí ẹ̀rọ amúnáwá wà, a máa kún fọ́fọ́. Eré Super Story tí Wale Adenuga ń gbé jáde lórí NTA ni gbogbo wa ń dúró dè. Ìtàn àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, Oh Father, Oh Daughter, ni ó ń lọ lọ́wọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, àwọn ìyá àgbà kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi ọmọ ilé-ìwé ni ògbufọ̀ wọn.

Ìtàn náà kò ṣòroó yé. Súárà, baálé ilé, pa ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ tì nítorí Tóyìn Tòmátò. Ìyàwó rere ń sunkún, àlè ń jayé, ọkùnrin tí ó dá ọ̀ràn sílẹ̀ sì dà bí ẹni tí a kàn tàn jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé, tí ó ṣe Tóyìn! Bí ó bá ti yọjú, àwọn tí ń ṣépè fún un gan-an kì í fẹ́ ṣẹ́jú.

Ẹ̀ṣẹ̀ mi ni pé mo ń fi iyọ̀ sí ọ̀rọ̀. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá bú Tóyìn lẹ́ẹ̀kan, èmi a bú u lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀rín a sì gba ilé kan. Ìyá Kékeré, ìyàwó kejì nínú ilé náà, a máa jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n a máa bó ẹ̀gúsí. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé igbá wọn, wọ́n bọ́ síta, wọn kò sì padà wọlé. Láti ọjọ́ náà ni àwa ọmọdé ti ń pè wọ́n ní Tóyìn Tòmátò lẹ́yìn. Ọkọ wọn jókòó sórí àga, wọ́n ń bá wa rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí ó pe àwọn ní Súárà.

Ní ọdún 2018, mo rí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé nínú King of Boys, fíìmù Kemi Adetiba. Ó ṣe Ẹniọlá Sàlámì, obìnrin tí àwọn alágbára ń bẹ̀rù. Ìgbà náà ni ó yé mi pé ìyà tí a fẹ́ kí ó jẹ Tóyìn kọ́ ni ó dùn mọ́ mi ní Ajue. Ìgboyà rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tí a ń wò nígbà náà, afilé-ẹni-ẹlẹ́ni-ṣòfò nìkan ni obìnrin onígboyà lè jẹ́.

N kò ní sẹ́ eré náà. Ó ṣì ń dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tún ní kí n ṣe ògbufọ̀, ohun tí Tóyìn sọ gan-an ni n ó sọ. N ó sì sọ ohun tí Súárà ṣe pẹ̀lú, kí baálé ilé náà lè gbọ́.