Ọyẹ́ dé, olówó wọkọ̀: Ohun tó so yọ́ọ̀tì àwọn bọ̀rọ̀kìní pọ̀ mọ́ abúlé bíi Ọlọ́runṣògo

Tí oṣù Kejìlá bá ti wọlé, kò sẹ́ni tó ń sọ fún ará Ọlọ́runṣògo pé ọyẹ́ ti dé. Ètè á máa gbẹ, gìgísẹ̀ á máa sán, àwọn ìyá á gbé òrí jáde, ewé á sì máa já bọ́ lójú ọ̀nà oko. Àwọn tó sá láfún máa ń dunnú sí i, nítorí kíá ló ń gbẹ. Ẹni tó bá fẹ́ gun ọ̀kadà lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ kùtù á wọ ẹ̀wù òtútù, á fi fìlà bo etí. Bó bá fi máa di ọ̀sán, oòrùn á ti mú kó bọ́ gbogbo ẹ̀ dànù.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Atẹ́gùn tó ń sán gìgísẹ̀ àwọn èèyàn ní Ọlọ́runṣògo yìí, ọmọ ìyá kan náà lòun àti èyí tó ń ti ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù táwọn olówó ayé ti ń gbafẹ́. Láti ìhà àríwá ìlà-oòrùn làwọn méjèèjì ti ń fẹ́ bọ̀. Èyí tó gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà wá sọ́dọ̀ wa là ń pè ní ọyẹ́. Èyí tó wà lójú òkun Àtìláńtíìkì ń fẹ́ lọ sápá erékùṣù Kàríbíánì ní tiẹ̀. Òun ni Columbus gbára lé lọ́dún 1492 tó fi débẹ̀.

Títí dòní, ojú ọ̀nà yẹn náà làwọn ọkọ̀ ń tọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó, àwọn tó ní yọ́ọ̀tì, ìyẹn ọkọ̀ ojú omi aládàáni tó dà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, máa ń wà lápá Monaco, Ítálì àti Gíríìsì. Bó bá ti di oṣù Kọkànlá tí òtútù fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í mú dé eegun, wọ́n á kó ọkọ̀ jáde. Wọ́n á gba Gibraltar, wọ́n á dúró gba epo dísù ní erékùṣù Canary tàbí Cape Verde, wọ́n á sì dágbálé òkun ńlá. Ṣé ẹ rò pé olówó fúnra ẹ̀ ló ń jẹ ìyà yẹn? Rárá o. Àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ nìgbì òkun ń jù síwá jù sẹ́yìn fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń gbé yọ́ọ̀tì tiwọn sínú ọkọ̀ akẹ́rù tó tóbi jù ú lọ. Ọkọ̀ òfurufú ni ọ̀gá máa wọ̀ ní tiẹ̀, á kàn wá bá ọkọ̀ rẹ̀ ní Antigua ni.

Láti ìgbà náà títí di oṣù Kẹrin, ìgbádùn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí wọ́n wà ní Antigua, lọ́la Guadeloupe, lọ́tùn-únla Dominica, wọ́n á sì máa bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ sí Martinique, Saint Lucia, títí dé Grenada. Àwọn erékùṣù náà ò jìnnà síra wọn. Alásè ń dáná, ẹnì kan ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mẹkáníìkì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń pariwo, ọ̀gá sì nà gbalaja sókè, ó ń mu ọtí tútù. Ohun táwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń sọ ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ ra yọ́ọ̀tì ti ya nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá iye tó rà á sọ́tọ̀ lọ́dọọdún, fún epo, owó oṣù àti àtúnṣe. Ẹní bá ra ti mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là, mílíọ̀nù kan dọ́là ni yóò máa wá lọ́dún.

Ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé tí wọn ò kúkú jókòó síbẹ̀ jálẹ̀ ọdún? Ìjì ni. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà títí di ìparí oṣù Kọkànlá nìgbà ìjì líle níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò ni kì í sì fẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ kan wà lágbègbè náà lásìkò yẹn. Ọ̀dọ̀ tiwa níbí ni ọ̀pọ̀ nínú ìjì náà ti ń bọ̀. Ìrúkèrúdò ojú ọ̀run tó gba òkè Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà kọjá nígbà òjò, bó bá bọ́ sórí òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, á máa lágbára sí i. Bí Irma ṣe ṣe lọ́dún 2017 nìyẹn, tó fi ba Barbuda jẹ́ pátápátá. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, Beryl ya bo Carriacou, ó sì ṣí òrùlé ilé lọ bí ẹni ṣí ìdérí ìkòkò. Ẹni tó rántí omíyalé Ògùnpa lọ́dún 1980, tàbí èyí tó tún ya Ìbàdàn lọ́dún 2011, yóò mọ ohun tójú àwọn èèyàn náà rí. Àwọn tó ní yọ́ọ̀tì ti wa ọkọ̀ wọn lọ nígbà náà. Àwọn onílé ni ò ríbi sá sí.

Ta sì làwọn onílé ọ̀hún? Kò tán síbẹ̀ o. Nígbà tí ogun ń jà kiri ilẹ̀ Yorùbá láyé ijọ́un, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni wọ́n kó lẹ́rú. Ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn kan sílẹ̀ lójú òkun, ṣùgbọ́n wọn ò dá gbogbo wọn padà sílé. Láti ọdún 1841 ni wọ́n ti ń kó lára wọn lọ sí Trinidad àti Grenada láti lọ ṣiṣẹ́ oko. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bọ Ṣàngó níbẹ̀ dòní. Èésú wa, wọ́n ń pè é ní susu, wọ́n ṣì ń dá a. Àkàrà wa di accra lẹ́nu wọn, ẹja ni wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun dín in. Olówó tó ń ti yọ́ọ̀tì bọ́ sílẹ̀ lè rò pé ibi àjèjì lòun dé, àṣé ọjà tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ bíi tiwa ló wọ̀.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà wà nínú eré yìí. Aliko Dangote fi orúkọ ìyá rẹ̀ pe yọ́ọ̀tì tiẹ̀ ní Mariya. Èyí tó wá dá wàhálà sílẹ̀ jù ni Galactica Star, ọkọ̀ tó gùn tó mítà 65, tí wọ́n ní Kolawole Aluko rà ní mílíọ̀nù 80 dọ́là. Ní oṣù Keje ọdún 2017, ìjọba Amẹ́ríkà gbé ẹjọ́ lọ sílé-ẹjọ́ ní Texas láti gba ọkọ̀ náà àtàwọn dúkìá mìíràn. Ẹ̀sùn wọn ni pé owó iṣẹ́ epo rọ̀bì tí wọ́n fi rìbá gbà lásìkò Diezani Alison-Madueke tó jẹ́ mínísítà ni wọ́n fi rà wọ́n. Obìnrin náà ti sọ pé òun ò jẹ̀bi. Àmọ́ àwọn dúkìá náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà.

Ibi tọ́rọ̀ ti kan àwọn ará oko nìyí. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, Amẹ́ríkà àti Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀wé l'Ábùjá pé kí wọ́n dá mílíọ̀nù 52.88 dọ́là padà. Orúkọ ọkọ̀ yẹn, Galactica, ni wọ́n ń fi pe owó náà. Àdéhùn ni pé mílíọ̀nù 50 nínú ẹ̀ yóò gba ọwọ́ Báńkì Àgbáyé, wọ́n á fi fa iná mànàmáná dé àwọn ìgbèríko. Ẹ ò rí nǹkan! Ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbafẹ́ lójú òkun di iná abúlé.

Irú ẹ̀ tilẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nílé rí. Lọ́dún 2023, bílíọ̀nù márùn-ún náírà fún yọ́ọ̀tì ààrẹ yọ jáde nínú àfikún bọ́jẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn ọmọ ogun ojú omi ló fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n aráàlú pariwo, àwọn aṣòfin sì mú un kúrò. Owó tí wọ́n fẹ́ fi yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n fi kún, tíyẹn fi di bílíọ̀nù 10.

Nítorí náà, bí ọyẹ́ bá tún fẹ́ dé, tí ìyá kan ní abúlé bá ń fi òrí pa ẹsẹ̀ lábẹ́ àtùpà, kó má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ yọ́ọ̀tì ò kan òun. Owó rẹ̀ wà nínú ẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé pé iná ló máa dà, bẹ́ẹ̀ ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ. Ojú ni kí àwọn ará oko máa fi tọ́ òpó iná wò, ẹnu ni kí wọ́n sì máa fi béèrè. Ẹni tí ò bá béèrè, wọ́n lè tún fi tiẹ̀ ra ọkọ̀ mìíràn.